Nígbà Tí Àgbẹ̀ Bá Ké, Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gbọ́? Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ẹ̀dùn Ọkàn Àwọn Àgbẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Pleasure, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí kì í ṣe oko. Ilé ni yóò rí, àti ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ orúkọ àwọn àdúgbò tí ó wà ní ìtòsí ibẹ̀, yóò mọ̀ pé ìlú kọ́ ni ibi yìí jẹ́ ní àtètèkọ́ṣe. Abúlé-Ẹ̀gbá kò jìnnà. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí pé abúlé ni ó jẹ́ rí. Òkè-Odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, odò tí a fi pe orúkọ rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Ní ọjà Ilé-Epo, iṣu, ata, tòmátì àti ẹ̀fọ́ ń wọlé lójoojúmọ́ láti oko tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń rà wọ́n kò tíì fi ojú rí.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni pé ìbéèrè àtijọ́ kan ti tún dìde láàárín wa. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ní ẹ̀dùn ọkàn nípa ilẹ̀ rẹ̀, omi rẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà kó irè oko dé ọjà, àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà, ta ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ? Ìjọba àpapọ̀ wà ní Àbújá. Ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Aláúsá. Ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni ó wà ní ibi tí àgbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ kan tí ó kan ìjọba tí ó sún mọ́ni jùlọ yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, àwọn ará Èkó dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ wọn. Àkókò tó wàyí láti béèrè ohun tí ìdájọ́ àti ìbò náà lè jẹ́ fún ẹni tí ó mú ọkọ́ dání.

Ìlú ńlá tí ó jókòó sórí oko

Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tí ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò fara mọ́ iye náà, nítorí pé nínú ìkànìyàn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, iye tí ó kà sí Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù 2. Èyí ó wù kí a gbà nínú méjèèjì, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò rẹ̀ tó ti Alímọ̀ṣọ́.

Nítorí irú èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà, nígbà tí Bola Ahmed Tinubu jẹ́ gómìnà, fi pín ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ó wà ní Èkó sí 57 ní ọdún 2003. Alímọ̀ṣọ́ di mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndò àti Mọ́sàn-Òkúnọlá. Ète rẹ̀ dára: kí ìjọba lè sún mọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Olusegun Obasanjo kò gbà, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró ní ọdún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ sọ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti di owó náà mú; bákan náà ni ó sọ pé ìdásílẹ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò tíì pé títí ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Ìyẹn kò tíì ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, 37 tí ó jẹ́ tuntun nínú wọn ni a ń pè ní àgbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀, wọn kò sì sí nínú 774 tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí mọ̀.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú àgbẹ̀? Ó ní í ṣe púpọ̀. Owó tí ó ń ti Àbújá wá fún Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni wọ́n ń pín in jẹ. Kí ó tó kan oko, ó ti kan owó oṣù, ó ti kan olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti kan ilé ìwòsàn kékeré. Àgbẹ̀ ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú ìpín, nítorí pé àwọn ará ìlú rò pé kò sí àgbẹ̀ mọ́ ní àdúgbò àwọn.

Àgbẹ̀ wà. Ní etí odò, ní ilẹ̀ àbàtà, lábẹ́ àwọn wáyà iná ńlá tí kò sí ẹni tí a gbà láàyè láti kọ́lé sí abẹ́ wọn, àti lórí ilẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín kò tíì kọ́lé sí, ni a ti ń rí àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ùgwù káàkiri Èkó. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kí wọ́n tó tó tà, èyí sì ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀ lè fi wọ́n gbọ́ bùkátà. Àwọn mìíràn ń sin adìẹ, àwọn mìíràn ń sin ẹja nínú ọ̀gbun tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn tí ń kó ẹrù gba Ọ̀tà wọ Alímọ̀ṣọ́ ni a ní lọ́kàn nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ìwé òfin sọ

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pamọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ni láti dá ọjà sílẹ̀ kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀, láti máa bójú tó ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, òpópónà àdúgbò, ojú àgbàrá àti ìkódọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé wọn yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Bí a bá wo àkọsílẹ̀ yìí dáadáa, a ó rí i pé ìdajì ohun tí ń dun àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Kí ni ó wá fà á tí iṣẹ́ náà kò fi lọ bí ó ti yẹ? Ọ̀kan nínú ìdáhùn náà wà nínú ìwé òfin kan náà. Ó pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa gba inú àpò àjọní kan kọjá, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe alábòójútó rẹ̀. Láti ọdún yìí wá ni àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń ké pé owó àwọn kò dé ọwọ́ àwọn bí ó ti yẹ. Àwọn gómìnà mìíràn kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dìbò. Wọ́n ń fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ṣe ìjọba. Èyí ni Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ, tí ó sì pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ìdájọ́ oṣù keje ọdún 2024 sọ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn tààrà, pé ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ ná an fún wọn, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí a kò dìbò yàn kò bá òfin mu.

A yọ̀ sí ìdájọ́ yìí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Ìdájọ́ lè ṣí ọ̀nà fún owó. Kò lè sọ ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ alága tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ni àgbẹ̀ rí gbà? Bẹ́ẹ̀ ni Èkó ní ìṣòro tirẹ̀ ní àfikún: ìdájọ́ náà mọ 20, ṣùgbọ́n 57 ni ó ń dúró de owó.

Ohun tí Àgbẹ̀kọ̀yà fi kọ́ wa

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ yóò di ọ̀rọ̀ ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, tí Ọ̀gágun Adeyinka Adebayo sì jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn fárígá. Owó kòkó kò tó nǹkan. Owó orí ń ga sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń mú ẹni tí kò bá san owó orí. Àwọn àgbẹ̀ sì ń béèrè pé: owó tí àwa ti ń san láti ọdún wọ̀nyí, ọ̀nà abúlé wo ni ó ṣe? Wọ́n ní òkè mẹ́fà, èyíinì ni ṣílè 30, ni agbára àwọn mọ. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn: Àgbẹ̀kọ̀yà, àgbẹ̀ tí ó kọ ìyà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n wọ́ lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Ayọ̀ọlá. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìjà náà kò tán. Ní ọdún 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò, ti àgbẹ̀ àti ti ọlọ́pàá. Ìgbà tí Olóyè Ọbafẹmi Awolowo, tí ó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ ìṣúná ní ìjọba àpapọ̀, lọ bá àwọn aṣáájú wọn bíi Tafa Adeoye sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ní ojútùú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, owó orí wá sílẹ̀ sí pọ́n-ùn 2.

A kò mú ìtàn yìí wá láti yin ìjà. Ìjà náà jẹ́ ọgbẹ́ fún ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ó gbà bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn tí kò rí ẹni gbọ́ ọ ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìlú. Àwọn tí ń gba owó orí mọ ọ̀nà abúlé nígbà tí wọ́n bá ń lọ gba owó; wọn kò mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá yẹ kí a tún un ṣe. Nígbà tí ẹni ńlá kan sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí ìbọn kò rí ṣe fún oṣù mẹ́wàá ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni.

Ilẹ̀, omi àti ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Alímọ̀ṣọ́. Ohun mẹ́ta ni ó ń dun àgbẹ̀ jùlọ ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ilẹ̀ ìgbèríko fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá ti fẹ̀ dé oko, àgbẹ̀ tí kò ní ìwé kò ní ẹnu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ ń fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni wọ́n fi ń lé wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò mọ̀ ni pé òfin yìí kan náà sọ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ó yẹ kí a san owó irè oko tí ó wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè béèrè. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ kò sì lè jẹ́rìí fún un pé ó wà níbẹ̀.

Èkejì ni omi. Ní Barúwà ní Ìpájà, láti àwọn ọdún 1990 ni epo bẹntiróòlù tí ó jò láti inú ọ̀pá epo abẹ́ ilẹ̀ ti ba omi kànga àwọn ará àdúgbò jẹ́. Omi tí ènìyàn fà láti inú kànga, tí ó ń rùn bí epo, kò ṣeé mu, kò sì ṣeé bu rin oko. Ọ̀pá epo yìí kan náà ni ìránnilétí burúkú ní Abúlé-Ẹ̀gbá, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti jóná ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn olè dá ọ̀pá náà lu tí àwọn ènìyàn sì lọ ń gbọ́n epo. Ní Ìgàndò, ààtàn ńlá tí a ń pè ní Solous ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi ìdọ̀tí sì ń ti inú irú ààtàn bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé òun yóò ti èyí tí ó kù níbẹ̀ pa. Ọ̀pá epo kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n wọlé-wọlé jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn wọlé-wọlé tí ń yẹ ilé wò láyé àtijọ́ bá lè máa yẹ omi oko àti ilẹ̀ ẹ̀fọ́ wò, àgbẹ̀ yóò mọ ibi tí ó léwu, ẹni tí ń ra ẹ̀fọ́ yóò sì jẹun pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àti owó ojú ọ̀nà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ó sì bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìhà Ògùn, tí àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òpópónà tí ó já sí i láti inú àdúgbò jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí ojú àgbàrá bá dí, ẹrù tòmátì tí ó sùn sójú ọ̀nà fún ọjọ́ méjì ti di ohun ìdànù. Ní ti owó tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó kó irè oko, òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1998 sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìdènà sójú ọ̀nà láti gba owó orí tàbí owó ìlú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa san owó ní ibi púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà. Ìyá tí ó ra ata ní Ilé-Epo ni ó ń san gbogbo rẹ̀ ní ìkẹyìn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan gbogbo wa

Àwọn kan yóò sọ pé ilẹ̀ Èkó wọ́n ju kí a máa fi gbin ẹ̀fọ́ lọ. A kò jiyàn pé ilé àti ilé-iṣẹ́ ń mú owó wọlé ju ewédú lọ. A kò sì ní kí wọ́n wó ilé kankan nítorí oko. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí wà: etí odò tí omi máa ń kún bò, àti abẹ́ wáyà iná. Ibi tí kò sí àgbẹ̀ níbẹ̀, ìdọ̀tí ni a ń dà sí i, tàbí kí ẹnìkan fi ọgbọ́n kọ́lé sí i, kí omi sì wá gbé e lọ.

Ìdí mìíràn tún wà. Ní ọdún 2021, nígbà tí Èkó gbé ètò ọlọ́dún márùn-ún kan kalẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn aláṣẹ rẹ̀ sọ pé nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ tí Èkó ń jẹ ni Èkó ń pèsè fúnra rẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ tí ń bọ̀ wá sí gúúsù dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kíákíá ni àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹran di ọ̀wọ́n. Ní oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà, tí ó lè lọ ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà ọjọ́ Àìkú tí wọ́n pè ní Oúnjẹ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ pẹ̀lú ẹ̀dínwó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó ọjọ́ kan kì í tún ọ̀nà ṣe, ilé-iṣẹ́ tí ń lọ ìrẹsì kì í sì í gbin ìrẹsì. Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ tó lè kúrò nínú ìṣẹ́, ẹni tí ń gbìn ín gbọ́dọ̀ lè dúró.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Bí a bá wo òkèèrè, a ó rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Rosario ní Argentina, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà wó lulẹ̀ ní ọdún 2001, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2002. Wọ́n wá àwọn ilẹ̀ tí ó ṣófo, wọ́n fún àwọn tálákà láàyè láti dáko níbẹ̀, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ láìlo oògùn olóró, wọ́n sì ṣètò ọjà fún wọn nínú ìlú. Ohun tí ó ya ètò náà sọ́tọ̀ ni pé ìjọba ìlú kọ ilẹ̀ oko sínú ètò ìlú, débi pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó lè lé àgbẹ̀ lọ bí ó bá ti wù ú. Ètò náà gba ẹ̀bùn ńlá kan láàárín àwọn ìlú àgbáyé ní ọdún 2021.

Ní Porto Alegre ní Brazil, láti ọdún 1989, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ̀lú ìjọba ìlú wọn láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a fi apá kan nínú owó ìlú ṣe. Àṣà náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Nítòsí wa, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ará wa wà ní Kétu, Sakété àti Pọbẹ́, ìlú 77 ni ó ní ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn, láti ìbò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2002. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni òfin ní kí ó kọ ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ní owó jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti kọ ètò sílẹ̀, àgbẹ̀ lè fi ìka tọ́ ọ pé: ẹ sọ pé ẹ ó ṣe èyí, kí ni ó dé tí ẹ kò ṣe é?

Ohun tí a rò pé ó yẹ ní ṣíṣe

Àkọ́kọ́, a fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Alímọ̀ṣọ́ yan ọjọ́ kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀, àwọn ìyálọ́jà, àwọn baálẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi sọ̀rọ̀, kí ogbufọ̀ sì wà fún àwọn àgbẹ̀ tí ó ti Òkè Ọya àti ilẹ̀ mìíràn wá. Kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ka ìwé náà ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ohun tí a ṣe àti ohun tí a kò ṣe.

Èkejì, kí wọ́n ní ìwé orúkọ àgbẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ń ro. Kì í ṣe kí wọ́n lè fi gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kí a lè mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí ìjọba bá gba ilẹ̀ tàbí tí omi bá gbé oko lọ.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n lẹ iye owó tí ó wọlé àti iye tí ó jáde mọ́ ara ògiri ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní èdè tí ìyá oníẹ̀fọ́ lè kà. Bí ìdájọ́ ọdún 2024 yóò bá ní ìtumọ̀, ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí owó ọjà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú rìsíìtì kan, kí wọ́n sì fọwọ́ òfin mú ẹni tí ó bá gbé ìdènà sójú ọ̀nà.

A kò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé ìjọba lórí. Àwọn àgbẹ̀ náà ní láti ṣe tiwọn. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá pín sí mẹ́ta nítorí ipò alága, ta ni yóò bá ìjọba sọ̀rọ̀? Bí àgbẹ̀ bá ń fọ́n oògùn apakòkòrò sára ẹ̀fọ́ lónìí tí ó sì ń tà á lọ́la, àwọn ará ìlú kì yóò gbè é lẹ́yìn ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé e kúrò. Àwọn olóṣèlú pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú pípín àdá àti àpò ajílẹ̀ díẹ̀ níwájú àwọn ayàwòrán, bí ẹni pé ìyẹn ni ètò iṣẹ́ àgbẹ̀. Àdá kò wúlò fún ẹni tí kò ní ilẹ̀.

Sáà ọdún mẹ́rin ni àwọn tí a dìbò yàn ní ọdún 2025 ní. Láàárín ọdún mẹ́rin, ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ Alímọ̀ṣọ́ di oko padà, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó gbẹ́ ojú àgbàrá, kí ó yẹ omi wò, kí ó kọ orúkọ sílẹ̀, kí ó sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó nílò kí a tún ìwé òfin kọ. Ní ìgbà tí ìpàdé àkọ́kọ́ bá wáyé, kí àwọn àgbẹ̀ má ṣe lọ pẹ̀lú ìbínú ọdún 1968. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì béèrè ọjọ́ tí a ó dá wọn lóhùn.